Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ka forensic psychology nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ yẹ ọ̀nà wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí jù. Másítà tí mo kọ́kọ́ kà níbí, nínú sàíkọ́lọ́jì tó jẹ mọ́ ọ̀daràn àti kóòtù, ilẹ̀ ni bàbá mi tà ká tó rówó ẹ̀ san, orúkọ kọ́ọ̀sì náà dáa gan-an, "forensic" wà níbẹ̀, "psychology" wà níbẹ̀, mo parí ẹ̀ pẹ̀lú distinction, mo ya fọ́tò, a jó. Ìgbà tí mo wá ń wáṣẹ́ ni ọ̀gá kan bi mí pé ṣé BPS, ẹgbẹ́ àwọn onísàíkọ́lọ́jì níbí, fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì yẹn, mo ní báwo, ó ní kí n lọ wò ó. Mo lọ wò ó. Wọn ò fọwọ́ sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ò parọ́ fún mi o, wọn ò kàn sọ ni, èmi náà ò sì béèrè. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, torí lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́rin ló fi voice note ránṣẹ́ sí mi pé àwọn fẹ́ wá ka forensic, gbogbo wọn ló ti ń bá éjẹ́ǹtì sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ti gbọ́ orúkọ HCPC, àjọ tó ń kọ orúkọ onísàíkọ́lọ́jì sílẹ̀ níbí, rí nínú wọn.

Ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ fíìmù kúrò ńlẹ̀. Ẹni tó bá rò pé òun máa wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú, òun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, òun á wá sọ fún ọlọ́pàá pé ọkùnrin ló pa á, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ìyá ẹ̀ ò fẹ́ràn ẹ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀ jàre. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ọsibítù tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí wà, ẹni tẹ́ ẹ sì máa jókòó tì, ọlọ́pàá ti mú un tipẹ́. Wọn ò ní bi yín pé ta ló ṣe é. Ohun tí wọ́n máa bi yín ni pé kí ló gbé e débẹ̀, ṣé ó lè tún ṣe é, kí la lè ṣe tí ò fi ní tún ṣe é, ṣé orí ẹ̀ pé tó láti jẹ́jọ́. Ìwé lẹ sì fi máa dáhùn. Ríípọ́ọ̀tù, ríípọ́ọ̀tù, ríípọ́ọ̀tù. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kó máa kọ̀wé, kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú.

Ó dáa, ọ̀nà tó wà ní England nìyí. "Psychologist" lásán, ẹnikẹ́ni ló lè pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀, òfin ò dí i lọ́wọ́. Àmọ́ "forensic psychologist", orúkọ yẹn lẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ: láti ọdún 2009 ni HCPC, ìyẹn Health and Care Professions Council, ti ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹni tí ò sí nínú ìwé wọn tó wá ń jẹ́ orúkọ yẹn, ó ti lu òfin. Kẹ́ ẹ tó dé inú ìwé yẹn, nǹkan mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà. GBC ni àkọ́kọ́. Èkejì ni másítà tí BPS, ìyẹn British Psychological Society, fọwọ́ sí, òun ni wọ́n ń pè ní Stage 1, ọdún kan ni tó bá jẹ́ full-time. Ẹ̀kẹta ni Stage 2, ọdún méjì ó kéré tán tẹ́ ẹ máa fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ti gba orúkọ yẹn, tẹ́ ẹ máa kó ẹ̀rí iṣẹ́ yín jọ, tí wọ́n á máa dá a padà pé ẹ lọ tún un kọ. Másítà nìkan ò tó. Mo mọ̀ pé éjẹ́ǹtì sọ pé ó tó. Kò tó.

GBC yẹn, Graduate Basis for Chartered Membership ló ń jẹ́ tán pátápátá, ìtumọ̀ ẹ̀ ò ju pé BPS gbà pé sàíkọ́lọ́jì tẹ́ ẹ kà ní dìgírì kún ojú ìwọ̀n. Ẹni tó kàwé ní Ìbàdàn, ní UNILAG, ní Ifẹ̀, dìgírì yín ò sí lára àwọn tí wọ́n ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, torí náà ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ̀wé sí wọn, ẹ máa fi transcript ránṣẹ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò kọ́ọ̀sì kọ́ọ̀sì. 2:2 ló kéré jù. Wọ́n máa wo project yín náà dáadáa, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwádìí tẹ́ ẹ kó dátà jọ fún, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn to ohun tí àwọn ẹlòmíì ti kọ pọ̀. Ẹni tó ka Law tàbí Sociology tàbí Nọ́ọ̀sì ńkọ́? Conversion lẹ máa kọ́kọ́ kà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó máa fún ẹni tí ò ka sàíkọ́lọ́jì ní GBC, òun náà sábà máa ń gba odidi ọdún kan, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí forensic, ìyẹn túmọ̀ sí owó méjì, ẹ tètè ṣírò ẹ̀. Ní ti transcript, ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe ń rìn nílé, ẹ lọ fi fọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì ní nọ́ńbà ẹnì kan tó máa ń bá yín yọjú síbẹ̀.

Tó bá wá kan kọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, ibi tí mo ti ṣubú nìyí o. Yunifásítì kan lè ní kọ́ọ̀sì mẹ́ta tórúkọ wọn jọra bí ìbejì, "Forensic Psychology", "Forensic Psychology and Criminology", "Psychology of Crime", ó lè jẹ́ pé ẹyọ kan péré nínú wọn ni BPS fọwọ́ sí. Ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù BPS, wọ́n ní ibi tẹ́ ẹ ti lè wá kọ́ọ̀sì tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ fi orúkọ kọ́ọ̀sì náà wá a gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìgbaniwọlé yín, ẹ wò ó bóyá ọdún tẹ́ ẹ máa wọlé wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn yòókù ò dáa o. Investigative psychology tí David Canter dá sílẹ̀, fún àpẹẹrẹ, ẹ̀kọ́ gidi ni fún ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí tàbí bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́. Ẹ kàn mọ ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan já sí ni. Àwọn yunifásítì kan tún wà, bíi Birmingham, tí wọ́n ní doctorate ọlọ́dún mẹ́ta tó kó másítà àti iṣẹ́ abẹ́ àkóso pọ̀ sójú kan, èyí ló gún régé jù lójú tèmi, ṣùgbọ́n àyè ẹ̀ kéré, ogunlọ́gọ̀ ló sì ń dù ú.

Kẹ́ ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù, ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti máa fojú rí èèyàn. Arò l'Abẹ́òkúta ò jìnnà, láti 1954 tí Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ làwọn èèyàn ti ń lọ kẹ́kọ̀ọ́, Yaba ti wà láti 1907. Legal Aid Council, àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ ìjọba, náà wà, àwọn ẹgbẹ́ tó ń lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n wà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ló pọ̀ jù nínú wọn. Oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ fi ń bá lọ́yà Legal Aid gbé fáìlì, tẹ́ ẹ ń rí ọmọkùnrin tó ti ń dúró de ìdájọ́ láti ìgbà tó ti wà ní kékeré, ó ju sàtífíkéètì online mẹ́wàá lọ.

Personal statement wá, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ fi ń sọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ kọ́ọ̀sì náà. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú "láti kékeré ni ọkàn èèyàn ti máa ń yà mí lẹ́nu". Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní ohun tí Òyìnbó tó ń kọ fọ́ọ̀mù pẹ̀lú yín ò ní. Ẹ wo èyí. Ká ní bàbá kan, ọmọ Yorùbá, wà ní àtìmọ́lé ní Peckham ní London, ó na ìyàwó ẹ̀, wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó kó ọwọ́ lérí, ó ní "Iṣẹ́ èṣù ni." Ẹni tó ń túmọ̀ sọ pé "it was the devil's work". Ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ rò ó, ó kọ ọ́ pé bàbá yìí gbà pé èṣù ló ń darí òun, kí wọ́n pe dókítà ọpọlọ. Èmi àtẹ̀yin mọ̀ pé bàbá yẹn ò gbóhùn kankan, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, ohun tó sọ ò ju "mo ti ṣe ohun tí ò yẹ kí n ṣe" lọ. Àmọ́ ẹlòmíì náà wà tó máa sọ gbólóhùn yẹn gan-an, tó sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni nǹkan ń bá a sọ̀rọ̀ létí lóru, tí kò ti sùn láti ọjọ́ karùn-ún. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀yàtọ̀? Ẹ máa bi í ní Yorùbá pé èṣù wo, ìgbà wo, ṣé ó ń sọ̀rọ̀ ni, ẹ máa bi àwọn ará ilé ẹ̀ bóyá bó ṣe ń ṣe nìyí tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè fi ìpínrọ̀ kan péré ṣàlàyé ibi tí àṣà ti parí àti ibi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa pè yín fún intafíù.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ òfin díẹ̀ náà o, ibi tí àwa onísàíkọ́lọ́jì máa ń sá fún nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ Daniel M'Naghten. Oṣù kìíní ọdún 1843, ní London, ó yìnbọn pa Edward Drummond tó jẹ́ akọ̀wé Robert Peel, olórí ìjọba ìgbà yẹn, ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú Tory ń lé òun kiri láti pa òun. Wọ́n dá a sílẹ̀ pé orí ẹ̀ ò pé, ìlú gbóná, ọbabìnrin bínú, ilé aṣòfin àgbà wá pe àwọn adájọ́ pé kí wọ́n ṣàlàyé òfin yìí fáwọn. Ìdáhùn wọn ni wọ́n ń lò ní England títí dòní: ṣé àìsàn inú ọpọlọ ẹni yìí ò jẹ́ kó mọ ohun tó ń ṣe, tàbí tó bá mọ̀ ọ́n, ṣé kò mọ̀ pé kò dáa. M'Naghten fúnra ẹ̀ ò délé mọ́, Bethlem, ọsibítù ọpọlọ ní London, ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n wá gbé e lọ sí Broadmoor, ọsibítù àwọn ọ̀daràn tí orí wọn ò pé, nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, ibẹ̀ ló kú sí ní 1865.

Ẹ wá ṣí Criminal Code tiwa ní ìhà gúúsù Nàìjíríà, section 28. Ẹ kà á pẹ̀lẹ́. Nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kì í ṣe méjì: bóyá kò lè mọ ohun tó ń ṣe, bóyá kò lè mọ̀ pé kò yẹ kóun ṣe é, ẹ̀kẹta wá ni bóyá kò lè ṣàkóso ara ẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ò sí nínú ti M'Naghten. Èèyàn tó mọ̀ pé ohun tóun ń ṣe ò dáa, àmọ́ tí àìsàn gba ìjánu lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá, ó ní ohun tó lè sọ níwájú adájọ́ tó ń lo section 28, tí kò ní rí sọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ M'Naghten. Èmi ò mọ èyí títí mo fi dé kíláàsì tí tíṣà bi mí pé báwo ni tilé yín ṣe rí, ojú tì mí. Nǹkan míì tẹ́ ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ̀: ní England, kóòtù ò lè gba ẹjọ́ "orí ẹ̀ ò pé" yìí láìsí ẹ̀rí dókítà méjì, dókítà oníṣègùn ni mò ń wí o. Ríípọ́ọ̀tù onísàíkọ́lọ́jì lè ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, òun nìkan ò lè dá a gbé. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ààyè yín nínú kóòtù.

Kíláàsì tí mo gbádùn jù ni ti ìrántí ẹlẹ́rìí. Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù ìjàm̀bá mọ́tò han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n wá bi wọ́n pé báwo ni mọ́tò ṣe ń sáré tó. Àwọn kan, wọ́n bi wọ́n pé nígbà tí mọ́tò méjèèjì "fara kanra", àwọn míì, wọ́n bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n "rún ara wọn". Fíìmù kan náà o. Àwọn tó gbọ́ "fara kanra" fi sí bíi máìlì 32 ní wákàtí kan, àwọn tó gbọ́ "rún ara wọn" fi sí bíi 41. Ẹ wá ronú sí tọlọ́pàá tó ń bi ẹlẹ́rìí ní téṣàn wa pé "báwo lọ̀daràn yẹn ṣe gbá ẹ létí?" Ìbéèrè yẹn ti dájọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́ ni béèyàn ṣe ń béèrè láìfi ìdáhùn sẹ́nu ẹlòmíì, ó le ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ lórí fóònù kẹ́ ẹ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń darí èèyàn.

Iṣẹ́ ìgbéléwọ̀n ewu náà wà, ìyẹn wíwo bóyá ẹni náà lè tún ṣe é. Èyí tẹ́ ẹ máa pàdé jù ni HCR-20, ogún nǹkan ló ní kẹ́ ẹ wò, mẹ́wàá nípa ohun tó ti kọjá, márùn-ún nípa ìsinsìnyí, márùn-ún nípa ohun tó ń bọ̀. Kì í ṣe WAEC tẹ́ ẹ máa ro máàkì ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ wá kéde o. Ẹ máa ka fáìlì ọlọ́pàá, fáìlì dókítà, ẹ máa pe ìyá ẹ̀, nítorí agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìgbà tí mo kọ ríípọ́ọ̀tù mi àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ pé "ọkùnrin yìí léwu gan-an". Ẹni tó ń mójú tó mi fi báírò pupa fa igi sí i, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: sí ta, nígbà wo, ní ibo? Ohun tí mo padà kọ ni pé ewu pé ó máa lu obìnrin tó ń fẹ́ máa ń ga tó bá ti mutí tí obìnrin náà sì sọ pé òun ń lọ, pé ó máa ń wálẹ̀ tó bá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí kì í mutí, pé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí kó tó burú ni kó má wá síbi ìpàdé ọ̀tí mọ́. Adájọ́ lè fi ìyẹn ṣiṣẹ́. Kò sóhun tó lè fi "léwu gan-an" ṣe.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì wọ kóòtù, kóòtù ni ọ̀gá yín, kì í ṣe lọ́yà tó sanwó fún yín. Ẹjọ́ kan wà, Jones v Kaney, 2011. Ọkùnrin tí mọ́tò gbá lórí máṣínì ló ní onísàíkọ́lọ́jì tó ṣe ríípọ́ọ̀tù fún un, onísàíkọ́lọ́jì yìí wá bá onímọ̀ apá kejì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n gbé ìwé àjọsọ wá fún un, ó fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú ẹ̀ ò bá èrò ẹ̀ mu, ó ba ẹjọ́ ọkùnrin náà jẹ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní wọ́n lè pe irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́, ààbò tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ parí síbẹ̀. Ẹ máa ka ohun tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ owó àti físà. Láti January 2024, ẹni tó ń bọ̀ wá ka másítà onílẹ́kíṣọ̀ ò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àwọn PhD, àwọn tó ń ṣe másítà ìwádìí àtàwọn tí ìjọba ń sanwó ẹ̀kọ́ wọn nìkan ló kù. Owó tẹ́ ẹ fi hàn gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 28 nínú àkáǹtì, tó bá dín lọ́jọ́ kan, ó dín náà nìyẹn. Wákàtí ogún lẹ lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ wá nìyí: Graduate visa tẹ́ ẹ máa gbà lẹ́yìn másítà, ọdún méjì ni, wọ́n sì ti ní àwọn máa gé e sí oṣù 18 fún ẹni tó bá kọ fọ́ọ̀mù láti January 2027, bẹ́ẹ̀ Stage 2 ò lè dín ní ọdún méjì, ìgbà tẹ́ ẹ bá sì fi ríṣẹ́ ọ̀hún, ọjọ́ ti lọ. Torí náà ẹ máa wá iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kẹ́ ẹ tó parí másítà, kẹ́ ẹ sì mọ agbaniṣíṣẹ́ tó lè ṣe sponsor físà yín. Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dáa, àmọ́ ó ní kẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì kẹ́ ẹ tó wá, kẹ́ ẹ sì padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn túmọ̀ sí pé kò sí Stage 2 lọ́wọ́ kan. Ohun kan wà tí àwa ọmọ Nàìjíríà ò tètè mọ̀ o: nítorí pé a wà nínú Commonwealth, iṣẹ́ onísàíkọ́lọ́jì lábẹ́ HM Prison and Probation Service, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n, ṣí sílẹ̀ fún wa tí físà wa bá ti gba iṣẹ́ láàyè. Mi ò ní kẹ́ ẹ jókòó tì í, mo kàn ní kẹ́ ẹ má fo ìkéde wọn.

Iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ó ní bó ṣe ń rí lára. Láàárọ̀, fóònù yín wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù ní géètì, ẹ kì í mú un wọlé, òfin ni. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́, ẹ fi ṣéènì so ó mọ́ bẹ́líìtì, gbogbo ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ bá ṣí, ẹ máa tì í padà, ẹ máa fọwọ́ fà á wò. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo délé, mo ti ilẹ̀kùn kíṣìnì mi, mo fà á wò. Ìyá mi lórí fídíò ní kí ló dé.

Amẹ́ríkà ńkọ́? Ṣókí: ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ò ní fún yín láṣẹ láti jẹ́ psychologist pẹ̀lú másítà, PhD tàbí PsyD, ìyẹn doctorate tó dá lórí iṣẹ́ ju ìwádìí lọ, lẹ máa ṣe, sábà nínú clinical, kẹ́ ẹ wá yà sí forensic lẹ́yìn. PhD sábà máa ń ní owó ìrànwọ́, PsyD sábà máa ń jẹ owó yín. John Jay College ní New York ní másítà tórúkọ ẹ̀ dún, ó dáa fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe àkàsọ̀ lọ sí PhD.

Ẹni tó bá fẹ́ padà sílé, iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí ò tíì lẹ́ni tó máa ṣe é. Wọ́n fọwọ́ sí National Mental Health Act ní January 2023, òfin orí dídàrú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti 1916 ni gbòǹgbò ẹ̀. Síbẹ̀, section 327 nínú Criminal Code ṣì wà, ẹni tó gbìyànjú láti pa ara ẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè dúró níwájú adájọ́ májísíréètì kó sọ ohun tó ń ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ilé-ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ fẹ́, kì í ṣe sí éjẹ́ǹtì. Ìbéèrè mẹ́ta péré: Ṣé BPS fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì yìí gẹ́gẹ́ bíi Stage 1 fún ọdún tí mo máa wọlé? Ṣé mo gbọ́dọ̀ ti ní GBC lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó gbà mí? Mélòó nínú àwọn tó parí lọ́dún tó kọjá ló ti ríṣẹ́ Stage 2, àwọn tó wá láti òkè òkun ńkọ́? Tí wọ́n bá dáhùn méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n fo ẹ̀kẹta, ẹ tún un fi ránṣẹ́.